Akọ Kan, Abo Kan

Ní Èsìẹ́ tí wọ́n bí mi sí, ẹran ìgbẹ́ kì í sùn mọ́jú nílé láìkan iná. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, ó sì ń ṣọdẹ. Bó bá ti ìgbẹ́ dé pẹ̀lú ọ̀yà tàbí etu, ìyá mi á ti dáná kó tó sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀. Wọ́n á wi irun ara ẹran náà lórí iná, wọ́n á fi ọ̀bẹ ha á títí ara rẹ̀ á fi mọ́, wọ́n á sì kun ún. Orí, ẹsẹ̀, awọ, ìfun, kò sí èyí tí a ń sọ nù. Kìrìsìtẹ́nì ni bàbá mi, ṣùgbọ́n àwọn Mùsùlùmí wà nínú agboolé wa. Nítorí náà, bó bá yìnbọn lu ẹran, á sáré dú u kí ẹ̀mí tó bọ́ lára rẹ̀, kí gbogbo ilé lè jẹ níbẹ̀. Bí ọ̀kan nínú àwa ọmọ bá sì ń jẹ ẹran, tí eyín rẹ̀ kan ọta ìbọn, á yọ ọ́ sí etí àwo, bàbá mi á sì fi ẹran mìíràn lé e lọ́wọ́. Á ní, "Gbà, má bínú."

Èmi ni mo máa ń tẹ̀lé e lọ sóko, ìdí nìyẹn tí mo fi pẹ́ kí n tó wọ ilé-ìwé. Irungbọ̀n ti hù lẹ́rẹ̀kẹ́ mi nígbà tí mo ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé. Nígbà tí mo lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Òrò, àwọn tí a jọ ń jókòó ní kíláàsì ń pè mí ní Bàbá. Lẹ́yìn náà mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Ọ̀mù-Àrán títí ìyàwó mi fi ṣàìsàn. Nígbà tí mo sin ín tán, ilé wá tóbi jù fún mi. Bọ́sẹ̀, ọmọ wa kan ṣoṣo, ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ máa bọ̀." Mo sì lọ.

Iṣẹ́ tí mo rí jìnnà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìlú kékeré kan ni, láàárín àwọn òkè Sikọ́tíláǹdì. Ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń wẹ̀ wọ́n, tí mo ń wọṣọ fún wọn, tí mo ń fún wọn lóúnjẹ.

Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Nílé, bí mo bá jáde láti ojúlé wa dé títì, ẹnu á ti rẹ̀ mí fún ìkíni. Níbẹ̀, wọ́n á mi orí sí ọ, wọ́n á sì kọjá. Ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gé ẹran sínú ọ̀rá, kò ní egungun, kò ní awọ, n kò sì lè mọ apá ibi tó ti wá lára ẹranko. Mo máa ń mú un sọ́wọ́, n ó yí i síwá sẹ́yìn, n ó sì dá a padà.

Lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́, mo máa ń rí ẹyẹ ńlá kan tí mọ́tò pa. Ó jọ àparò, ṣùgbọ́n ó tó àkùkọ. Ìrù rẹ̀ gùn, ọrùn rẹ̀ sì ń dán bí ìgbà tí epo bá dà sórí omi. Kò sẹ́ni tó ń dúró gbé e. Lójú ọ̀nà Ọ̀mù-Àrán, dẹ́rẹ́bà méjì ì bá ti fa ara wọn lẹ́wù nítorí rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sọ fún mi pé fẹ́sáǹtì ni wọ́n ń pè é. Mo bi í bóyá wọ́n ń jẹ ẹ́. Ó ní àwọn àgbàlagbà ń jẹ ẹ́, òun kò lè jẹ ohun tó bá lójú tó rẹwà báyẹn. Adìyẹ díndín ló ń jẹ lọ́wọ́ nígbà tó ń sọ ọ́.

Obìnrin kan wà ní ilé ìtọ́jú náà tó ń jẹ́ Jíìnì. Ó ti gbàgbé orúkọ gbogbo ènìyàn, títí kan ti ara rẹ̀. Kò fẹ́ jẹun mọ́. Bí wọ́n bá gbé ṣíbí súnmọ́ ọn, á di ẹnu pọ̀, á sì yí ojú sí ògiri. Wọ́n fi mí sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, bóyá nítorí pé n kì í kánjú. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún ìyàwó mi lóúnjẹ nígbà tí àìsàn rẹ̀ le. N kì í sọ pé "jẹun". N ó jókòó, n ó mú ṣíbí dání, n ó sì máa kun orin kan láìlanu. Tó bá yá, á ya ẹnu.

Ọkọ rẹ̀, Álẹ́ẹ̀kì, máa ń wá lọ́sàn-án. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Oko ló ti ṣiṣẹ́ ní gbogbo ayé rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì le bíi ti bàbá mi. Á jókòó sí kọ̀rọ̀ pẹ̀lú fìlà lórí orúnkún, á máa wò wá. Bí Jíìnì bá jẹun tán, á dìde, á ní, "Ó dáa, láàdì." Láàdì ni wọ́n ń pe ọmọkùnrin lédè wọn. Bàbá Bọ́sẹ̀ ni mí nílé. Lọ́dọ̀ Álẹ́ẹ̀kì mo di ọmọdé, inú mi sì máa ń dùn. Ní ìlú yẹn, òun nìkan ló ń pè mí ní nǹkan kan.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Mo ṣílẹ̀kùn láti lọ ra búrẹ́dì, ohun kan sì lu ilẹ̀kùn níta. Mo wò ó. Fẹ́sáǹtì méjì ni, wọ́n ti kú. Akọ kan, abo kan. Wọ́n fi okùn so wọ́n lọ́rùn pọ̀, wọ́n sì fi wọ́n kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn mi. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí ẹnu akọ.

Ẹni tó bá dàgbà níbi tí mo dàgbà mọ̀ pé wọn kì í fi ohunkóhun kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ènìyàn lásán. A ń fi ìkarahun ìgbín kọ́ ara igi kí olè mọ̀ pé ààlè ni. Bàbá mi sọ fún mi bí àwọn àgbà ṣe ń fi ìyẹ́ àti owó ẹyọ di àrokò ránṣẹ́ síra wọn, tí ẹni tó gbà á á sì kà á bí ìwé. Mo dúró síbẹ̀, mo ka tèmi. Abo ti kú, akọ tẹ̀lé e, okùn kan náà ló so wọ́n. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ mọ̀ pé ìyàwó mi ti lọ. Ohun tó ń sọ ni pé kí n máa bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ọkọ Mùsùlùmí ló fẹ́ ní Bàbáńlá, Ìyá Ráfíù ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí.

"Akọ àti abo?" ó bi mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Wọ́n sì so wọ́n lọ́rùn pọ̀?"

"Okùn kan náà ni."

Mo ń gbọ́ ohùn ewúrẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn.

"Ta lo ṣẹ̀ níbẹ̀?"

"N kò ṣẹ ẹnì kankan. N kì í bá wọn sọ̀rọ̀, báwo ni n ó ṣe ṣẹ̀ wọ́n?"

"Ìwọ tó ń wẹ ìyàwó oníyàwó, o ní o kò mọ ẹni tí o ṣẹ̀. Má fọwọ́ kàn án. Fi igi gbé e. Sin ín, kí o bu iyọ̀ lé e lórí. Lẹ́yìn náà kí o kó ẹrù rẹ, Bàbá Bọ́sẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń fi òkú ẹyẹ kí ènìyàn káàárọ̀ kì í ṣe ibi tí à ń gbé."

Mo ṣe bó ṣe wí. Mo gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé, mo sin ín, mo bu iyọ̀ lé e. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀, mo sọ fún mánéjà wa pé n ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lópin oṣù. Ó bi mí pé kí ló dé. Mo ní òtútù ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Álẹ́ẹ̀kì dé. Mo ń fún Jíìnì ní ọbẹ̀ ọ̀dùnkún. Ó jókòó, ó gbé fìlà lé orúnkún.

"Ṣé o rí nǹkan lẹ́nu ọ̀nà rẹ?" ó bi mí.

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ mi. "Ẹ̀yin lẹ gbé e síbẹ̀?"

"Èmi ni. Báwo ló ṣe rí?"

Mo ní, "Mo sin ín."

Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀ bí ẹni pé òun ló yẹ kó dáhùn. "Ó sin ín, Jíìnì," ó ní. "Ó gbẹ́ ilẹ̀, ó sin ín." Ó dé fìlà rẹ̀, ó sì jáde. Kò pè mí ní láàdì.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ó ń wá, ṣùgbọ́n tó bá ti rí mi, á lọ dúró sí kọ́rídọ̀ títí n ó fi kúrò. Èmi náà gbà pé mo ti mọ ọ̀tá mi. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ń fi ọwọ́ mi jẹun ló fẹ́ kí n kú. Mo rò ó títí. Bí àsìkò oúnjẹ Jíìnì bá tó, n ó tún mú ṣíbí, n ó sì jókòó. Jíìnì kò fi àrokò kankan ránṣẹ́ sí mi.

Màgí tó ń se oúnjẹ ní kíṣìnì ló tú ọ̀rọ̀ náà. Ó rí i pé Álẹ́ẹ̀kì ń yẹra fún mi, ó sì bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ó wá rí ojú mi, ó sì dákẹ́.

"Bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ níbí nìyẹn," ó ní. "Wọ́n á so akọ àti abo pọ̀, wọ́n á fi kọ́ ilẹ̀kùn rẹ. Wọn ò ní kanlẹ̀kùn, kí o má baà máa dá wọn dúró fún ọpẹ́. Ọkùnrin yẹn kò fọwọ́ kan ìbọn rẹ̀ láti ọjọ́ tí Jíìnì ti dé ibí. Nítorí tìrẹ ló ṣe gbé e."

Mo jókòó sórí àpótí ọ̀dùnkún. Ọkùnrin kan ti wọ inú òtútù lọ pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, ó wá ẹran fún mi bí bàbá mi ṣe máa ń wá a fún wa, mo sì bu iyọ̀ lé e bí ẹni ń sin òkú àjàkálẹ̀ àrùn.

Nígbà tí mo ṣíwọ́ iṣẹ́, mo lọ sílé rẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn, kò sì ní kí n wọlé. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti ṣàlàyé. Mo sọ nípa ìkarahun ìgbín, owó ẹyọ, àti okùn. Mo sọ pé ìyàwó mi ti kú. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnì kankan ní ìlú yẹn rí. Ó fetí sí mi títí mo fi parí.

"O rò pé mo ní kí o lọ kú," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O sì mọ̀ pé èmi ni mo kọ́ ọ síbẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi."

"Lẹ́yìn ìyẹn, o ṣì ń fún ìyàwó mi lóúnjẹ."

"Ebi ń pa á," mo ní.

Ó wá kúrò lójú ọ̀nà kí n lè ráyè kọjá. "Wọlé, láàdì," ó ní. "Ilẹ̀kùn ń jẹ́ kí òtútù wọlé."

Fẹ́sáǹtì méjì mìíràn wà ní ahéré ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ó ti so wọ́n rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, pẹ̀lú ìyẹ́, pẹ̀lú ìfun. Mo súnmọ́ wọn, mo fà sẹ́yìn.

"Wọ́n ti ń rùn," mo ní.

"Wọn ò tíì rùn tó," ó dá mi lóhùn. "Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń so wọ́n kí ẹran wọn lè rọ̀."

A kò gbà fúnra wa lórí nǹkan kan ní ọjọ́ yẹn. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ apá ẹyẹ tirẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fà á, awọ àti ìyẹ́ bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni bọ́ kóòtù. Ó gé àyà rẹ̀, ó sì fẹ́ da ìyókù nù. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé omi gbígbóná, mo tu tèmi, mo sì gbé e sórí iná gáàsì láti wi ìyẹ́ wẹ́wẹ́ tó kù. Èéfín gba gbogbo kíṣìnì. Ó ṣí fèrèsé, ó ń wúkọ́, ó ní ṣé mo fẹ́ sun ilé mọ́ òun lórí ni. Mo fọ iwe, mo bó ẹsẹ̀, mo gé orí sọ́tọ̀.

"Ta ló fẹ́ jẹ ẹsẹ̀ yẹn?"

"Èmi."

"Kí ló wà níbẹ̀ láti jẹ?"

"Ẹ máa wò mí."

Ó din àyà tirẹ̀ nínú bọ́tà. Nígbà tó gé e, inú rẹ̀ ṣì pọ́n. Ó fi jáàmù èso pupa kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, irú èyí tí a ń fi sí búrẹ́dì. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dá ìpín mi padà síná. Ó dá a padà, ó ń mi orí bí ẹni tí wọ́n ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Mo fi ata rodo tí Bọ́sẹ̀ fi ránṣẹ́ se ẹyẹ tèmi títí ó fi rọ̀. Ó jẹ ẹ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó yọ súwẹ́tà, ó sì tún bù sí i. Mo jẹ tirẹ̀ pẹ̀lú jáàmù. Kò burú tó bí mo ṣe rò. Bí mo ṣe ń jẹ ẹ́, eyín mi kan ọta kan. Mo yọ ọ́ sí etí àwo. Ó dún kékeré. Kí n tó sọ nǹkan kan, Álẹ́ẹ̀kì ti gé nínú ẹran tirẹ̀, ó fi sínú àwo mi.

"Má bínú," ó ní.

Mo gbà á, mo jẹ ẹ́.

Ní ọjọ́ kejì a bu omi ọbẹ̀ náà sínú kọ́ọ̀pù fún Jíìnì. Mo ti fi omi là á kí ata rẹ̀ má pọ̀. Bí mo ṣe tẹ̀ síwájú láti gbé orí rẹ̀ sókè, ó di apá súwẹ́tà mi mú. Súwẹ́tà tí mo wọ̀ lánàá náà ni. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó tún gbóòórùn rẹ̀.

"Ta ló ń wi adìyẹ?" ó ní.

Ohùn rẹ̀ já gaara. Álẹ́ẹ̀kì dìde lórí àga. Ó ní ìyá Jíìnì ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní oko tí wọ́n bí i sí. Bó bá tu adìyẹ tán, á gbé e kọjá lórí iná. Òun ti gbàgbé pé ẹnikẹ́ni ń ṣe é rí.

"Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi náà ń ṣe é," mo sọ fún Jíìnì. Ó mu omi ọbẹ̀ náà tán.

Mo bẹ mánéjà pé kó jẹ́ kí n dúró. Ó ní, "Òtútù ńkọ́?" Mo ní ó ti ń mọ mí lára. Mo wá pe Ìyá Ráfíù.

"Ẹ̀bùn ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ̀bùn? Ẹran odidi méjì? O sì sin ín?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n sin ín."

"Èmi? Mo ní kí o fara balẹ̀ wádìí. Irú ìdààmú wo lo kó bá ara rẹ yìí, Bàbá Bọ́sẹ̀? Iyọ̀ ńkọ́, ó tó nǹkan tí o bù?"

"Ó tó."

"Iyọ̀ àti ẹran, o wá sin wọ́n. O kò kúkú fi ata sí i." Ó rẹ́rìn-ín títí káàdì fi tán lórí fóònù mi.

Nígbà míì mo máa ń bi ara mi léèrè ìgbà tí ibì kan ń di ti ènìyàn. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé ó di ìgbà tí mo bá ti ń jẹ ohun tí wọ́n ń jẹ. Títí di òní, n kò lè jẹ ẹran tó pọ́n nínú, Álẹ́ẹ̀kì kò sì lè jẹ ẹsẹ̀ ẹyẹ. Ó ń so tirẹ̀ rọ̀, mo ń wi tèmi, a sì ń jẹun lórí tábìlì kan náà. Èyí tó kọjá rẹ̀, n kò béèrè. Mo dúpẹ́ púpọ̀ lórí tábìlì yẹn, ní inú mi, nítorí mo ti mọ̀ pé wọn kì í fẹ́ kí ọpẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ní kí n tún ọ̀rọ̀ àrokò yẹn sọ fún òun. Mo sọ ọ́. Ó béèrè pé bí ènìyàn bá fẹ́ sọ báyìí ńkọ́, bó bá fẹ́ sọ tọ̀hún ńkọ́. Mo rò pé eré ló ń ṣe.

Jíìnì kú nígbà tí òjò dídì ń yọ́. Mo wà lára àwọn tó gbé pósí rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, Álẹ́ẹ̀kì ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí mo bá kàn án, á ní ara òun le, òun fẹ́ sùn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn kọjá bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti gba ọ̀nà yẹn rí nílé, nítorí náà n kò fi ipá ṣí ilẹ̀kùn fún un. Mo kàn ń kọjá níwájú ilé rẹ̀ lójoojúmọ́ kí ó lè rí mi láti ojú fèrèsé.

Nígbà tí àsìkò tí wọ́n ń yìnbọn lu ẹyẹ tún dé, mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ kan, ohun kan sì lu ilẹ̀kùn níta.

Fẹ́sáǹtì ni. Akọ ni. Òun nìkan ló wà lórí okùn náà. Ẹni tó so ó ti ta ojóbó kejì sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ojóbó náà ṣófo.

Mo ka àrokò náà, n kò pe ẹnì kankan lórí fóònù. Mo gbé omi kaná. Nígbà tó ń hó, mo wọ bàtà, mo sì lọ mú Álẹ́ẹ̀kì wá láti ilé rẹ̀.